Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde: Ìrìn Wa Láti Atakpamé Dé Elavagnon



Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Lomé wá sí Atakpamé, ìrìn nǹkan bí 160 kìlómítà, yóò rí i pé bí ìlú ti ń súnmọ́ ni òkè ń yọ lọ́tùn-ún lósì. Láàárín àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn Ana tẹ̀dó sí, àwọn tí wọ́n ń sọ títí di òní pé Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá wọn ti ṣí wá. Bí ará Ìbàdàn tàbí ará Abẹ́òkúta bá dúró ní ọjà wa, tí ó sì tẹ́tí dáadáa, yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín, yóò gbọ́ òmíràn lọ́hùn-ún, yóò sì mọ̀ pé ọmọ ìyá ni wá. Ìdí nìyí tí Nàìjíríà kò fi jọ ìlú òkèèrè lójú àwọn ọ̀dọ́ wa. Wọ́n rò pé ilé ẹ̀gbọ́n bàbá wọn ni wọ́n ń lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, a wọ tákísì ní Agbonou. Fáda ni ó rán wa. Ó ti gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ní ìhà Elavagnon ń múra láti lọ sí Nàìjíríà ní kété tí wọ́n bá kórè tán, ó sì fẹ́ kí a bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀. A gba Anié kọjá, a yà sí ìhà ìlà-oòrùn, a ré odò Mono kọjá, a sì bọ́ sí ilẹ̀ oko iṣu, oko àgbàdo àti oko òwú. Eruku bò wá lórí àti lójú. Nígbà tí a dé Elavagnon, sẹ́mìjàn ni ó gbé wa dé abúlé tí a ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ìrìn-àjò àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í ṣe tuntun. Ní ọdún 2003, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tẹ ìwé kan jáde nípa bí a ti ń kó àwọn ọmọdé Tógò lọ ṣiṣẹ́ ní òkèèrè. Wọ́n ṣàlàyé níbẹ̀ bí a ti ń ṣèlérí kẹ̀kẹ́ àti rédíò fún àwọn ọmọkùnrin kí wọ́n lè lọ roko ní Nàìjíríà, tí a sì ń mú àwọn ọmọbìnrin lọ ṣe ọmọ-ọ̀dọ̀ àti kiri ọjà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí mọ̀ bóyá irọ́ ni tàbí òótọ́.

Ní abúlé náà, a bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, tí ó ti lọ tí ó sì ti bọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ó lọ. Ọdún méjì ni ó fi ṣiṣẹ́ nínú oko ẹ̀gẹ́. Nígbà tí ó béèrè owó rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ bi í pé, "Ta ni ọ́? Níbo ni ìwé rẹ wà?" A bi í pé kí ló dé tí kò lọ fi ẹjọ́ sùn. Ó dáhùn pé, "Bàbá Katikísì, mo mọ ọ̀nà ilé ọlọ́pàá. Ẹ̀rù ló bà mí pé bí mo bá débẹ̀, èmi ni wọn yóò tì mọ́lé."

Ìyá rẹ̀ dìde, ó wọ yàrá, ó sì mú ìwé kan jáde tí a fi ọ̀rá wé. Ó ní, "Irọ́ ni ọkùnrin yẹn pa. Ọmọ mi ní ìwé." Ìwé ìrìbọmi ni. Àwa fúnra wa ni a fi ọwọ́ ara wa kọ ọ́.

A kò lè fi pamọ́ fún yín pé ojú tì wá. Láti ọdún pípẹ́ wá ni a ti ń sọ fún àwọn ìyá pé kí wọ́n tọ́jú ìwé ìrìbọmi dáadáa, a kò sì bi wọ́n léèrè rí bóyá ìwé ìbí wà. Ìwé ìrìbọmi ń sọ pé ọmọ Ìjọ ni ọmọ yìí. Ìwé ìbí ni ó ń sọ fún ìjọba pé ẹni náà wà láyé. Ní Tógò, ọjọ́ 45 ni òfin fún òbí láti lọ kọ orúkọ ọmọ tuntun sínú ìwé ìjọba. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, adájọ́ nìkan ni ó lè pàṣẹ kí a kọ ọ́. Àṣẹ yìí ni wọ́n ń pè ní jugement supplétif. Láìsí ìwé ìbí tàbí àṣẹ yìí, kò sí káàdì ìdánimọ̀, kò sí pasipọ́ọ̀tù.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ọmọ náà ìbá ti rí gbà. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 1979, ní Dakar, àwọn orílẹ̀-èdè CEDEAO, tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ECOWAS, fọwọ́ sí ìwé kan pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn láìgba físà, kí ó sì lo 90 ọjọ́, bí ó bá ti ní ìwé ìrìnnà àti ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 1986 wọ́n fi ẹ̀tọ́ láti máa gbé ibẹ̀ àti láti máa ṣiṣẹ́ kún un. Ṣùgbọ́n bí 90 ọjọ́ bá pé, ẹni tí ó fẹ́ dúró gbọ́dọ̀ lọ gba ìwé ìgbélùú. Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran: ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni kò tilẹ̀ gbọ́ pé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà.

Àwọn àgbàlagbà wa mọ ohun tí àìní ìwé ń fà. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia ní Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kó ẹrù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ Yorùbá tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ìgbà àwọn bàbá wọn ni ó gba Tógò kọjá padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ní oṣù Kìíní 1983, ó kan Nàìjíríà: ìjọba Shagari lé àwọn àlejò tí kò ní ìwé. Ó lé ní mílíọ̀nù kan tí ó lọ. Ará Gánà ni ó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Tógò wà nínú wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin náà àti àwọn mẹ́rin mìíràn bá wa wá sí kóòtù ní Atakpamé. Lọ́yà kan, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ti bá wa kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ó sọ iye tí a ó san gan-an fún wa, kí ẹnikẹ́ni má baà rẹ́ wa jẹ. Ó ní kí a wá ẹlẹ́rìí méjì fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kí a sì gbé ìwé ńlá ìrìbọmi wa dání. Nígbà tí adájọ́ béèrè ọdún tí a bí ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ní, "Ọdún tí òjò wó ilé ìdáná wa ni." Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Adájọ́ wo ọjọ́ ìrìbọmi, ó gbọ́ tẹnu ìyá àgbà tí ó gbẹ̀bí rẹ̀, ó sì kọ ọdún sílẹ̀.

Owó ọdún méjì yẹn kò padà wá. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti padà sí Abẹ́òkúta, ó ń kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà. Lọ́yà náà ṣàlàyé fún un bí yóò ti gba ìwé ìgbélùú kí 90 ọjọ́ tó pé, ó sì gbà á. Ó kọ̀wé sí wa pé orúkọ òun ni ó wà nínú ìwé àdéhùn iṣẹ́ àti ìwé ilé tí òun gbà. Ó fi kún un pé òun ń sùn dáadáa.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ kan kù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kì í ṣe ìwé nìkan ni ó nílò. Ààbò ni ó nílò. Òfin Tógò ti 2005 ka kíkó ọmọdé lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí ọ̀ràn. Ní Nàìjíríà, àjọ NAPTIP wà láti 2003 fún irú ẹjọ́ yìí, ẹni tí a fìyà jẹ sì lè lọ bá wọn. Ẹ má fi ọmọ lé ẹni tí ó gbé kẹ̀kẹ́ wá lọ́wọ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, nígbà tí ẹ bá gbé ọmọ wá fún ìrìbọmi, a ó máa béèrè ìwé ìbí rẹ̀. Bí kò bá sí, a kò ní tìtorí rẹ̀ lé ọmọ padà. A ó bá yín dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó mọ òfin. Ẹ mú àwọn ọmọ tí ó ti dàgbà wá pẹ̀lú, kí wọ́n tó di ẹrù.

Ìyá ọmọ náà ti tọ́jú ẹ̀dà ìdájọ́ adájọ́. Inú ọ̀rá kan náà ni ó wà pẹ̀lú ìwé ìrìbọmi. Kí Ọlọ́run ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ àwọn ọmọ wa.