Orin Toronto Lẹ́bàá Ọ̀nà Tchaourou

Tchaourou, ilẹ̀ Benin
Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo sọ fún yín pé n óò lò níbí, ó ti di ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Iṣu tí mo bá wá ṣì wà lórí àpáta níbi tí wọ́n ti ń sá a. Ẹni tó ni ín ní kí n má kánjú, pé iṣu tí kò bá gbẹ dénú yóò bu nínú àpò kí n tó dé Ìbàdàn, èlùbọ́ rẹ̀ kò sì ní ṣe é tà. Nítorí náà mo ní àyè láti kọ lẹ́tà, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ti iṣu. Ti orin ni. Ti orin tí ọmọ yín obìnrin fi ránṣẹ́ láti Toronto ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé lẹ́tà náà sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ibi tí mo wà. Orí títì ńlá tó gbéra ní Kútọnu lọ sí Parakou ni Tchaourou wà, títì náà sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé ilẹ̀ Niger. Bọ́ọ̀sì wa kọjá Bohicon, ó kọjá Ìdáàṣà pẹ̀lú àwọn òkè rẹ̀, ó kọjá Ṣábẹ̀ẹ́, kó tó já mi sílẹ̀. Láti ibí, Parakou kò ju nǹkan bí 60 kìlómítà lọ mọ́. Ọ̀nà ojú irin tí àwọn Faransé là láti Kútọnu, tó dé Parakou ní 1936, gba ìlú yìí kọjá. Ewúrẹ́ ni mo rí lórí rẹ̀, n kò rí ọkọ̀. Thomas Boni Yayi tó ṣe ààrẹ láti 2006 sí 2016, ọmọ ibí ni, kò sì sí ọlọ́kadà tí kò ní sọ ọ́ fún yín kí ẹ tó bi í.

Nàgó, Bàrìbá, Fúlàní, Fọ̀n, gbogbo wọn ló kún ọjà. Nàgó ni ìyá tí mo wọ̀ sí ilé rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ àti tèmi dà bí ọmọ ìyá méjì tí wọn kò gbé pọ̀ dàgbà. Mo ń gbọ́ ọ, àmọ́ ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó wọ̀ mí létí, nígbà mìíràn Faransé á sì ko èèyàn láàrin gbólóhùn bí òkúta nínú ẹ̀wà.

Ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí àwọn ọkọ̀ ti ń dúró, ọmọkùnrin kan wà tó ní tábìlì kan, agboòrùn kan àti kọ̀ǹpútà tí lẹ́tà mélòó kan ti pa rẹ́ lára bọ́tìnnì rẹ̀. Ó ń bá àwọn èèyàn gba iná sí fóònù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ni kíkó orin sórí mẹ́mọ́rì káàdì. Ẹ óò rántí àwọn tó máa ń bá wa gba orin sórí kásẹ́ẹ̀tì ní Mọ́kọ́lá nígbà náà lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ kan náà ni. Àwọn ọlọ́kadà tí wọ́n ń pè ní zémidjan ló pọ̀ jù nínú oníbàárà rẹ̀, lẹ́yìn wọn àwọn awakọ̀ àjàgbé tó ń lọ sí Malanville ní ẹnubodè Niger, lẹ́yìn náà àwọn darandaran tó ń so rédíò kékeré mọ́ ọrùn. Ohun tó mú kí n máa jókòó tì í ni pé kì í sábà bi wọ́n ní orúkọ orin. Á wo ojú ẹni náà, á bi í níbi tó ń lọ àti bí ọ̀nà ṣe jìn tó, á wá mọ èyí tí yóò kó fún un. N kò tíì rí ẹni tó padà wá bá a jà.

Ní ọjọ́ kẹta ló bi mí pé kí ló wà nínú fóònù tèmi.

Ibí ni mo ti ní ẹ̀ṣẹ̀ láti jẹ́wọ́. Ẹ̀yin ni ọmọ yín kọ́kọ́ fi àwọn orin wọ̀nyí ránṣẹ́ sí. Ẹ dá a lóhùn pé orin Hárúnà Ìṣọ̀lá tí ẹ ní nílé kò tíì tán. Ó wá darí wọn sọ́dọ̀ mi. Mo fèsì pé wọ́n dùn gan-an, irọ́ ni mo pa, n kò tẹ ẹyọ kan wò. Ó kọ ọ́ sí mi pé àwọn olórin Kánádà ni, àwọn tí kò sí lábẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńláńlá, tí wọ́n ń gbé orin wọn jáde fúnra wọn tàbí pẹ̀lú ilé iṣẹ́ kékeré. Mo rò ó lọ́kàn mi pé kí ló kàn mí.

Èyí tí ọmọkùnrin náà kọ́kọ́ tẹ̀ ni ti àwọn obìnrin méjì tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn ní OKAN. Ó fi ohùn Faransé ka orúkọ náà, ó gba imú rẹ̀ jáde. Mo ń wò ó lójú fóònù, bẹ́ẹ̀ ni kò yé mi, àfi ìgbà tí ìlù wọlé. Ọkàn ni. Ọkàn tiwa yìí tó wà láyà wa.

Elizabeth Rodriguez ló ń ta fayolíìnì tó sì ń kọrin, Magdelys Savigne ló ń lùlù. Kúbà ni wọ́n ti bí àwọn méjèèjì, Toronto ni wọ́n ń gbé. Ẹgbẹ́ Maqueque ti Jane Bunnett, ìyá kan tó ń fun fèrè ní Toronto, ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣeré kí wọ́n tó dá tiwọn sílẹ̀. Àwo wọn àkọ́kọ́, Sombras, jáde ní 2019. Èkejì, Espiral, ló gba ẹ̀bùn Juno, ẹ̀bùn àwọn olórin Kánádà, ní 2021. Èyí tó jáde ní 2023 ni wọ́n pè ní Okantomi. Ẹ pe orúkọ yẹn síta, ẹ gé e sí méjì, kí ẹ sọ fún mi bóyá ẹ nílò ògbufọ̀.

Ẹ mọ ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà débẹ̀. Nígbà tí Ọ̀yọ́ wó, tí ogun ń fọ́ ìlú kiri, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ni wọ́n kó lọ sí etí òkun ní Ouidah àti ní Èkó, tí ọkọ̀ sì gbé wọn lọ sí Kúbà láti máa gé ìrèké. Lùkùmí ni wọ́n ń pè wọ́n lọ́hùn-ún. Èdè Sípéènì ti tẹ́ ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn pẹrẹsẹ, àmọ́ orin òrìṣà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú. Ó wá di ohun tí àwọn ọmọbìnrin méjì gbé dé Toronto, tí ọmọ yín rí níbẹ̀, tó sì padà wá sí orí tábìlì kan ní Tchaourou, ní ilẹ̀ kan náà tí Ouidah wà.

Ìyá onílé mi ń ra ọṣẹ nítòsí. Ó dúró. Ó ní, "Ta ló ń lu bàtá?" Mo ní obìnrin ni. Ó ní kí n má fi òun ṣeré. Mo ṣàlàyé fún un pé ní Kúbà náà, bàtá tí wọ́n bá ti ṣe ètùtù sí, ọkùnrin nìkan ló ń lù ú, pé èyí tí wọn kò ṣètùtù sí ni obìnrin lè lù. Ó tún gbọ́ ọ fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ọṣẹ rẹ̀. "Ọwọ́ rẹ̀ mọ́," ó sì lọ.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn. Ibì kan wà tí fayolíìnì náà ti ń sọ̀rọ̀ jù, bí àlejò tí kò jẹ́ kí onílé dá sí i. Ọ̀pọ̀ nínú orin náà sì wà ní èdè Sípéènì, tí n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí ìlù bá ti dá dúró pẹ̀lú ohùn wọn, ẹ óò jókòó dáadáa.

Mo ti ní kí ọmọkùnrin náà kó àwọn orin náà sórí káàdì kan fún yín. Òru ni kí ẹ gbọ́ èkejì. Jeremy Dutcher ni orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọmọ àwọn Wolastoqiyik, tí wọ́n ti wà lẹ́bàá odò kan ní ìlà oòrùn Kánádà kí òyìnbó tó débẹ̀. Àwọn tó gbọ́ èdè wọn dénú kò pọ̀ mọ́. Ní nǹkan bí 1907, onímọ̀ kan gbé ẹ̀rọ lọ bá àwọn àgbà wọn, ó gba ohùn wọn sórí ìda. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ni ìda náà wà láti ìgbà náà, títí Maggie Paul, àgbà kan láàrin wọn, fi sọ fún Dutcher pé kó lọ gbọ́ wọn. Ó lọ, ó jókòó tì wọ́n, ó fi dùùrù àti ohùn tirẹ̀ yí wọn ká. Ẹ óò gbọ́ àgbà kan tó ti kú fúnra rẹ̀ nínú orin, ohùn rẹ̀ ń ya bí ewé gbígbẹ, kí ti Dutcher tó gbà á lẹ́nu rẹ̀.

Wolastoqiyik Lintuwakonawa ni àwo náà ń jẹ́, kí Ọlọ́run jẹ́ kí n kọ ọ́ tọ̀nà. Ó gba ẹ̀bùn Polaris ní 2018. Láti 2006 ni wọ́n ti ń fún àwọn olórin Kánádà ní ẹ̀bùn yìí. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin ló ń dá a, wọn kì í wo iye tí àwo tà. Ní 2024 Dutcher tún gbà á pẹ̀lú Motewolonuwok, ẹni àkọ́kọ́ tó gbà á lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọkùnrin wa kò sọ̀rọ̀ títí orin Dutcher àkọ́kọ́ fi tán. Ó wá ń wá nǹkan kiri inú kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní kí n gbọ́ èyí. Gìtá ni, ìlù, ohùn ọkùnrin kan ní èdè Bàrìbá. Super Borgou ni, ẹgbẹ́ olórin tí Moussa Mama kó jọ ní Parakou, tí wọ́n ń kọrin ní Bàrìbá àti Dẹ́ńdì láàrin 1970 sí 1976. Àwo wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ kí Analog Africa, ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Jámánì, tó kó wọn jọ tún tẹ̀ jáde ní 2012. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọmọkùnrin náà ti rí i. Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n mi. Láti Parakou sí ibí kò pé wákàtí méjì, orin náà ní láti gba Jámánì kó tó dé.

Ó tún fún mi ní ti Star Feminine Band, àwọn ọmọbìnrin Natitingou ní òkè lọ́hùn-ún, tí ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ ní 2016, tí wọ́n ń lu ìlù, ta gìtá, tẹ dùùrù fúnra wọn. Mo ti fi wọ́n kún káàdì yín. Ọmọ yín yóò fẹ́ràn wọn.

Àwọn méjì ló kù tí mo fẹ́ dárúkọ. Pierre Kwenders, ọmọ Kinshasa tó ń gbé Montréal, gba Polaris ní 2022. Nígbà tí ọmọkùnrin wa gbọ́ Lìngálà, ó gbé èjìká, ó ní èyí ti pọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Debby Friday gbà á ní 2023 pẹ̀lú àwo Good Luck. Nàìjíríà ni wọ́n bí i sí, Montréal ló dàgbà sí. Ẹ má tẹ ti Debby yìí nígbà oúnjẹ. Ariwo ẹ̀rọ àti ìbínú ni, bíi pé ẹnì kan ń gbọn páànù nínú yàrá òkùnkùn. Èmi kò lè gbọ́ ọ tán. Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó kó o fún awakọ̀ kan tó fẹ́ fi òru dé Malanville, kí oorun má baà kùn ún.

Nǹkan kan ń yọ mí lẹ́nu. Ọmọ yín san owó fún àwọn orin yìí, ó sọ pé owó náà ń dé ọwọ́ àwọn tó kọ wọ́n. Èmi wá fi wọ́n tọrẹ lẹ́bàá ọ̀nà. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọmọkùnrin náà, kò bínú. Ó béèrè bóyá àwọn obìnrin Toronto yẹn ní MoMo, owó orí fóònù, pé bí wọ́n bá ní in, òun yóò fi díẹ̀ ránṣẹ́. N kò mọ èsì tí n óò fún un. Mo ti kọ̀wé sí ọmọ yín pé kó bá mi ra àwo OKAN àti ti Dutcher lẹ́ẹ̀kan sí i, n óò san owó rẹ̀ nígbà tó bá wálé.

Mo ti di káàdì náà mọ́ inú lẹ́tà yìí, nínú ike kékeré, kó má baà sọnù. Awakọ̀ tó ń kó iṣu gba Ṣakí ni yóò mú un wá. Ẹ fún un ní owó omi. Ẹ tẹ Okantomi nígbà tí aya yín bá wà ní tòsí. Ẹ fi ti Dutcher sílẹ̀ di ìgbà tí gbogbo ilé bá ti sùn. Lẹ́yìn náà kí ẹ pe ọmọ yín. Bí ẹ kò bá tíì gbọ́ wọn, ẹ má sọ fún un pé wọ́n dùn. Ó mọ̀ nígbà tí mo sọ tèmi.

Èmi ni àbúrò yín.