Ẹ Pe Dádì Yín Wá

Oṣù tó kọjá, mọ́tò màmá mi gbóná nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ní Gáà Àkáńbí, Ìlọrin. Wọ́n bá mi tì í dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ti ní, "Àǹtí, tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì ti jó. ₦95,000." Mo ní báwo ló ṣe mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín: "Ẹ pe dádì yín wá, á yé wọn."

Dádì mi ti kú láti 2019. Mọ́tò yẹn ni màmá mi fi ń ná ọjà, ọjà yẹn ló ń san owó ilé-ìwé mi.

Mo pe màmá. Wọ́n ní, "Tó bá ń sáré, kì í gbóná. Tó bá dúró ló ń gbóná. Ní kó wo fáànù." Lóòótọ́, fáànù rádíétọ̀ ò yí. Rẹwáyà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn yọ fíúùsì rẹ̀, ó ti jó. ₦500 ni tuntun. Títí dòní, mọ́tò ò gbóná mọ́.

Màmá mi ò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, àmọ́ wọ́n mọ ìwà mọ́tò wọn. Àwọn obìnrin tó kọ́ṣẹ́ náà wà: Sandra Aguebor dá Lady Mechanic Initiative sílẹ̀ ní 2004, ó ń kọ́ obìnrin níṣẹ́ yìí.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, tí wọ́n bá ní nǹkan bàjẹ́, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Tí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gba ògbólógbòó lọ́wọ́ wọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.