Ẹ fi ẹsẹ̀ yín lọ ra búrẹ́dì ní Mende, kí ẹ sì mú fóònù tó ń ya fọ́tò dání

Ibi tí a fẹ́ mú yín lọ lónìí kò gba físà, kò sì gba owó ọkọ̀ ńlá. Mende ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Maryland, ní ìjọba ìbílẹ̀ Kosofe, l'Ékòó. Láti March 2008 tí ọkọ̀ BRT ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Mile 12 sí CMS, àìmọye èèyàn ló ti ń kọjá lórí Ìkòròdú Road tí wọn kò yà wọ inú àdúgbò yìí rí. Maryland Mall, ilé ìtajà dúdú gìrìwò tí wọ́n ṣí ní 2016, ni wọ́n mọ̀. Àwa kò bá ti ilé ìtajà wá o. Mende kò ní àpáta bíi Olúmọ, kò sì ní omi tó ń já láti orí òkè bíi ti Ẹrìn Ìjẹ̀ṣà. Ohun tó ní ni àwọn òpópónà tí àgbàlagbà lè fi ẹsẹ̀ rìn tán láì mí hẹlẹ, àti àwọn tó ń tajà níwájú géètì onígéètì.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé búrẹ́dì àti àkàrà lẹ fẹ́ rà. Ẹ jáde nígbà tí oòrùn kò tíì mú. Òórùn àkàrà ni yóò kọ́kọ́ kí yín, kí ẹ tó rí ìyá tó ń dín in. Ẹ ó rí ọmọbìnrin tó ń ṣe POS lábẹ́ agboòrùn, fọkanáísà tó ń to táyà jọ, télọ̀ tí máṣíìnì rẹ̀ ti ń dún, àti àbókí tó ń ṣí kíóòsì. Ẹ kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ kú àárọ̀ wà, ẹ kú iṣẹ́ wà, ajé á wọlé o náà wà. Ìkíni Yorùbá pọ̀ débi pé kò sí ẹni tó yẹ kó kọjá láìsọ̀rọ̀.

Ìrìn yìí ní iṣẹ́ tó ń ṣe lára. Àjọ Ìlera Àgbáyé, ìyẹn WHO, sọ nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020 pé kí àgbàlagbà, títí kan ẹni tó ti lé ní ọdún 65, máa fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú ara gbóná díẹ̀, irú bíi kéèyàn rìn kánmọ́kánmọ́. Bí ẹ bá pín 150 yẹn sí ọjọ́ márùn-ún, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré ni lójúmọ́. Ẹ lè gé e sí méjì: búrẹ́dì láàárọ̀, ata nírọ̀lẹ́. Ẹni tí dókítà bá ti kìlọ̀ fún nípa ọkàn tàbí orúnkún, kó kọ́kọ́ bi dókítà rẹ̀ o. Ẹ wọ bàtà tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ fi sílípáàsì sílé. Ní 1 September 2022 ni òfin tó de ọ̀kadà bẹ̀rẹ̀ ní Kosofe, àmọ́ ẹ má torí ìyẹn sọdá títì láì wo ọ̀tún wo òsì.

Àwọn kan yóò ní, "Kí ni mo ń wá lọ síta? Ṣebí ọmọ ọ̀dọ̀ wà, ṣebí a lè fi fóònù pè wọ́n kí wọ́n gbé e wá sílé." Ẹ rántí oṣù February 2023. Ní October 2022 ni Báńkì Àpapọ̀ kéde pé wọ́n ń pààrọ̀ owó 200, 500 àti 1,000 náírà. Wọ́n fún aráàlú di 31 January, wọ́n tún sún un sí 10 February. Owó tuntun kò yọjú, owó àtijọ́ kò ṣe é ná, ẹ̀rọ ATM gbẹ, ẹ fi owó ránṣẹ́ lórí fóònù kò wọlé. Ẹni tó ní owó ní báńkì kò rí owó ra gààrí. Ọjọ́ 3 March ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ pé kí wọ́n máa ná owó àtijọ́ lọ títí di 31 December ọdún náà.

Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan yẹn, ta ló jẹun? Ẹni tí oníbúrẹ́dì mọ̀ ni. "Ẹ máa mú un lọ, mà, ẹ ó san án tó bá wọlé." Wọn kì í sọ irú rẹ̀ fún àlejò. Ẹni tó ti ń kí ìyá aláàkàrà láti ọdún mẹ́ta, tó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ń ṣe WAEC, tí kò yọ owó ìyá náà rí, òun ni wọ́n ń tà fún láwìn. Ẹlòmíràn tó wà nínú ilé ńlá, tó jẹ́ pé gétímáànù ló ń bá a ra gbogbo nǹkan, kò sí ẹni tó dá ojú rẹ̀ mọ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó ń tajà burú. Èèyàn kò lè finú tán ẹni tí kò rí rí.

Ọ̀rọ̀ náà tún ju owó lọ fún ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dá gbé. Àwọn ọmọ yín tó wà ní Houston tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè máa pè lójoojúmọ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí wọ́n pẹ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ bá yọ̀ yín ní balùwẹ̀ láago mẹ́fà àárọ̀, ta ni yóò kọ́kọ́ mọ̀? Ẹni tó bá sọ pé "Bàbá kò tíì wá ra búrẹ́dì lónìí o" ni, tó sì rán ọmọ kan pé kó lọ kan géètì. Ẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ láǹfààní láti mọ̀ pé ẹ kò jáde.

Fóònù tí a ní kí ẹ mú dání ńkọ́? Ní Ketu, nínú Kosofe yìí kan náà, ni J. D. 'Okhai Ojeikere ṣí ilé fọ́tò rẹ̀ sí ní 1975. Ọmọ Emai ni, ní ibi tó di Ìpínlẹ̀ Ẹdó lónìí, wọ́n bí i ní 1930. Ní 1950 ló ra kámẹ́rà Brownie kékeré kan tí kò ní iná, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sì kọ́ ọ lò. Ó ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn, ó bá tẹlifíṣọ̀n WNTV ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó tó wá sí Èkó ní 1963. Láti 1968 ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun orí obìnrin, èyí tí wọ́n dì àti èyí tí wọ́n fi òwú kó, ó sì yà tó ẹgbẹ̀rún kan. Ìpàkọ́ ló pọ̀ nínú wọn. Èyí tó ń jẹ́ Onílé Gogoro wà lára àwọn tí gbogbo ayé mọ̀. Ọdún 2013 ni wọ́n pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Venice ní Ítálì, ó sì kú ní February 2014. Irun tí ẹ̀yin náà ń rí ní ibùdókọ̀ àti níbi àríyá ló ń yà. Ó kàn mọ̀ pé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mẹ́ta, wọ́n á tú u.

Àdúgbò náà ń tú. Odò Ìyá Aláró ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mende, ní 2024 sì ni Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó àwọn ilé kan níbẹ̀ tí wọ́n ní ó wà lójú ọ̀nà omi. Àwọn kan lè máa jiyàn lórí ẹni tó jẹ̀bi. Omi kì í gbọ́ àwíjàre lóòótọ́, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ilé rẹ̀ wó ń wá ibi tí yóò sùn sí. Nígbà tí ilé bá lọ, aládùúgbò á fọ́n ká, télọ̀ á kó máṣíìnì rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ní fọ́tò ojúlé yẹn nìkan ló lè fi han ọmọ rẹ̀ pé ibí la ti ń jókòó.

Ẹ kọ́kọ́ ra ọjà ná, kí ẹ tó tọrọ ààyè. Bí ìyá náà bá ní òun kò yà, ó tán, ẹ má bi í ní ìdí. Bó bá gbà, ẹ dúró kí oòrùn àárọ̀ wà lẹ́yìn yín, kó lè mọ́lẹ̀ sójú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ múlọ́múlọ́ nu ojú kámẹ́rà, nítorí òróró àkàrà kì í jẹ́ kó ríran. Ẹ má máa rìn kí ẹ sì máa wo fóònù, gọ́tà tí kò ní ìdérí pọ̀ l'Ékòó. Ọmọ ọlọ́mọ, ẹ bi òbí rẹ̀. Fọ́tò ọmọ tó wọ aṣọ ilé ìwé, ẹ má gbé e sórí Facebook tàbí WhatsApp, torí ó ń sọ ibi tí wọ́n ti lè rí i. Ẹni tó bá ṣubú tàbí tí àìsàn kọ lù, ẹ fi fóònù sápò kí ẹ ràn án lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ dání lọ́jọ́ Sátidé. Ó yẹ kí ẹ̀rù máa bà yín láti rán ọmọ kékeré níṣẹ́ ní òun nìkan l'Ékòó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí òun ló kà ṣéńjì, kí òun ló dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí oníbúrẹ́dì.

Lẹ́yìn oṣù kan, ẹ kó fọ́tò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ẹ tẹ méjì méjì, kí ẹ mú ọ̀kan fún ẹni tí ẹ yà. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀, òpópónà àti ọjọ́ sí ẹ̀yìn tiyín. Ẹ má tẹ báírò mọ́lẹ̀ jù, kó má baà là kọjá sójú fọ́tò.