Tanwíjí àti Atàkìtì

Ọ̀rọ̀ omi àdúgbò wa ni mo gbé wá lónìí. Ní Marine Beach, níbi tí Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ ti pàdé, omi kì í jìnnà síni: ọ̀sà wà lápá kan, gọ́tà wà lápá kejì, táyà tírélà tí wọ́n pa tì sì ń gba omi òjò dúró. Ilé ẹ̀fọn ni gbogbo wọn. (Kò sí ibi tí ẹ̀fọn kì í yé sí. Ní Éṣíà, ewéko Nepenthes ń fi ewé ara rẹ̀ mọ ìkòkò tí ó fi ń pa kòkòrò jẹ. Síbẹ̀ ọmọ àwọn ẹ̀fọn kan ń dàgbà nínú ìkòkò náà láìkú.)

Légbénlègbé ni ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, ìdin ni ti eṣinṣin, tanwíjí ni ti ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tẹjú mọ́ inú dúrọ́ọ̀mù omi, ẹ ó rí i pé ohun méjì ni à ń fi orúkọ kan yìí pè.

Èkínní gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń jẹun láìsinmi. Bí ó bá doríkodò, tí ó na ìdí sójú omi láti fi mí, ti Culex tàbí Aedes ni. Bí ó bá nà gbalaja sójú omi, ti Anopheles ni, ẹ̀fọn tí ń gbé ibà kiri, èyí tí Ronald Ross rí kòkòrò ibà nínú ikùn rẹ̀ ní Íńdíà ní ọdún 1897. Anopheles melas tilẹ̀ fẹ́ràn omi oníyọ̀ etí òkun bíi tiwa.

Ìgbà mẹ́rin ni tanwíjí ń bọ́ awọ. Ìgbà kẹrin ni ó di èkejì. Orí èyí tóbi, ìrù rẹ̀ ká kò bí àmì kọ́mà. Kò jẹun mọ́. Bí òjìji ènìyàn bá bò ó, á yí gbiri lọ sísàlẹ̀ omi. Láàárín ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀fọn á ti inú rẹ̀ fò jáde.

Ìyá Ìbejì, aládùúgbò mi, tí ibà ti dá Táíwò rẹ̀ dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún kan, bu oògùn Bti sínú dúrọ́ọ̀mù rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó ké sí mi: “Bọ̀dá Tíṣà, oògùn yìí ò mà ṣiṣẹ́ o. Wọ́n ṣì ń rìn!”

Mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. “Ìyá Ìbejì, àwọn tó ń jẹun ti kú. Àwọn tí kì í jẹun ló kù. Àfi kòkòrò tó bá jẹ oògùn yìí ló ń pa.”

“Ṣé kí n wá da omi nù ni? Omi tí mo fowó rà lọ́wọ́ mẹ́ruwà?”

Òótọ́ ló sọ. A fi aṣọ funfun sẹ́ omi náà, a da èyí tó kù lórí aṣọ sórí iyanrìn gbígbóná, a sì wá ọmọrí tó dé dúrọ́ọ̀mù náà pinpin. Kẹ́hìndé dúró tì wá, ó ń pariwo pé, “Ẹ wo atàkìtì! Ẹ wo atàkìtì!”

Bí a ti sọ “pẹja” di “apẹja” náà ni ọmọ ọdún mẹ́fà yìí sọ “tàkìtì” di orúkọ, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà, Ìyá Ìbejì a máa bèèrè pé, “Tanwíjí ni àbí atàkìtì?” kí ó tó mú oògùn tàbí aṣọ. Bí wọ́n bá ní orúkọ mìíràn fún un ní ìlú tiyín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi.