Ìdáná Inú Yàrá Ní Àkókò Ọyẹ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ń gbé ní etí òkun lè má mọ bí ọyẹ́ Òkè-Ògùn ti í mú. Ní Ṣakí níhìn-ín, nígbà tí ẹ̀fúùfù gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà bá dé ní ìparí ọdún, ètè a máa ya, ojú ọ̀run a rí bí eérú, ọ̀sán a sì gbóná. Ṣùgbọ́n láti òru títí oòrùn yóò fi yọ, gbígbọ̀n ni àgbà ilé ń gbọ̀n.

Ìyá wa ti kọjá ẹni ọgọ́rin ọdún. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, a gbé àdògán tí ó kún fún ẹ̀yinná èédú wọ yàrá wọn, a ti ìlẹ̀kùn, a sì fi àkísà dí abẹ́ rẹ̀. Èédú kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè wa, níbi tí a ti ń sun ún kó lọ sí ìlú ńlá (igi ayìn àti igi emi ni ó sì ń jẹ gbèsè rẹ̀). A wí fún ara wa pé èédú kò ní èéfín. Ní òru, ọmọ wa ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà tí ó sùn ti ìyá àgbà, ké, ó sì ń bì. Orí ń fọ́ ìyá, ẹsẹ̀ wọn kò sì gbà wọ́n mọ́. A gbé àwọn méjèèjì jáde sínú òtútù gan-an tí a ń sá fún, àti láti ibẹ̀ sí ilé ìwòsàn, níbi tí a ti fi ọ́síjìn sí wọn nímú.

Carbon monoxide ni orúkọ olóró náà. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 200. Títí di ọdún 1986 ni àwọn awakùsà èédú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń gbé ẹyẹ kékeré wọ inú ihò, kí ẹyẹ lè ṣubú kí ènìyàn tó ṣubú. Àwa kò ní ẹyẹ. Ọmọ ni ó ké fún wa.

Àbúrò wa kan tí ó wà ní Scotland gbọ́, ó sì kọ̀wé nípa ẹ̀rọ tí òun àti ọ̀rẹ́ òun fi ọwọ́ ara wọn so mọ́ inú ọkọ̀ onígbòkun, èyí tí ń fi epo dísẹ́ẹ̀lì mú yàrá ọkọ̀ náà móoru. Inú àpótí irin tí a dé pinpin ni epo ti ń jó. Páìpù kan ń fa afẹ́fẹ́ wá fún iná láti ìta, òmíràn ń tú èéfín sí ìta. Afẹ́fẹ́ tí àwọn ará ọkọ̀ ń mí a máa gba ara irin gbígbóná kọjá, kì í dé ibi iná.

A kò ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà wọ̀ wá létí. A ra ìdajì àgbá irin, wẹ́dà bá wa dé ojú rẹ̀, ó sì lu ihò méjì sí i. Àwa fúnra wa ni a dá ògiri lu, tí a ki páìpù méjèèjì kọjá, tí a sì fi amọ̀ rẹ́ gbogbo oríkèé wọn. Ìta ni a kọ́kọ́ ti dáná sí i, kí ọ̀dà ara rẹ̀ lè jó kúrò. Nígbà tí a gbé e wọlé, igi tútù ni a fi dán an wò, kí a lè fi ojú rí èéfín. Èédú ì bá tàn wá jẹ lẹ́ẹ̀kejì. Ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí abẹ́ páànù ni a fi ẹnu páìpù sí, ní ìhà ibi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá, ẹ̀fúùfù sì dá gbogbo èéfín padà sí wa lójú. A tú u, a gbé e sí ìhà kejì, a fà á ga kọjá òrùlé, a sì fi páànù kékeré ṣe ìdérí fún un. Àbúrò wa tún fi agogo kan ránṣẹ́ tí í ké bí olóró náà bá wọ yàrá.

Yàrá náà ń móoru nísinsìnyí. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń dáná. A ń kó ẹ̀yinná jáde kí wọ́n tó sùn, a sì ń ṣí fèrèsé díẹ̀. Nígbà tí a fi iṣẹ́ wa han ìyá, wọ́n wò ó títí, wọ́n yìn wá, wọ́n sì béèrè ohun tí ó dé tí a kò kúkú bá àwọn ra aṣọ òfì tí ó nípọn ní Ìsẹ́yìn.

A ti rà á.