Ọkọ̀ Tó Ń Kú Lójú Ọ̀nà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí lórí ọkọ̀ mi, àti gbèsè tí mo jẹ ẹnì kan nítorí rẹ̀.

Ọkọ̀ yìí á gbéra dáadáa láti Agbowó. Kò ní wúkọ́, kò ní gbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kó sínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Bódìjà, tí a wá ń sún mọ́ Dùgbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á kàn dákẹ́ wẹ́lo. Bí mo bá dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, á tún sítáàtì bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan. Bí mo bá sì gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, kò ní kú lójú rẹ̀ láé. (Ẹni tó bá ti ní àìsàn tó ń sá fún dókítà rí yóò mọ ohun tí mò ń wí.)

Mẹkáníìkì ní púlọ́ọ̀gì ni. Mo ra púlọ́ọ̀gì. Ó ní fítà epo ni. Mo rà á. Ó ní pọ́ǹpù epo ni. Owó oṣù mi bá a lọ. Ọkọ̀ ṣì ń kú. Ó wá ní omi ló wà nínú epo tí mò ń rà. Mo gbà á gbọ́. Ẹni tó ń ta epo náà fún mi jẹ́ ọ̀kan nínú jámáà wa. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, níwájú èèyàn mẹ́rin, mo sọ pé epo rẹ̀ kò mọ́. Kí oòrùn tó wọ̀, ọ̀rọ̀ ti dé ilé rẹ̀.

Ní Sátidé kan, mo ń kó ọmọ kéwú mẹ́ta lọ síbi ìdíje kíké Àlùkùráánì ní Challenge. Lórí Ring Road, ẹ́ńjìnnì kú lórí eré, tírélà sì wà lẹ́yìn wa. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti kú báyìí, sítíárìn á le koko, bírékì náà á le lẹ́yìn ìtẹ̀ kan tàbí méjì. Ọlọ́hun ló yọ wá. Àwọn ọ̀dọ́ bá wa tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. (Àwọn ọmọ bá ìdíje náà, a kò gba ipò kìíní.)

Bàbá ríwáyà kan tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà nítòsí wá bá wa. Wọn kò tíì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ní: "Ààfáà, ẹ má sọ ohun tí ẹ rò fún mi. Ohun tí ẹ rí ni kí ẹ sọ." Ṣé ó máa ń wúkọ́ kó tó kú? Rárá. Ṣé ó máa ń kú ní tútù? Rárá, àfi bó bá gbóná. Abẹ́rẹ́ tó ń ka yíyí ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Mo ní ó máa ń já sí òdo lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń yí lọ.

Wọ́n ní kí n yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀; a gbọ́ tí pọ́ǹpù kùn lẹ́yìn. Mo gbìyànjú àtisítáàtì, ó kọ̀. Wọ́n bu omi tútù, wọ́n rọra dà á sórí sẹ́ńsọ̀ kékeré kan lára ẹ́ńjìnnì. Mo yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ sítáàtì.

Sẹ́ńsọ̀ kiráǹkì ni. Òun ló ń sọ ibi tí kiráǹkì yí dé fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀, kí ó lè mọ ìgbà tí yóò ta iná àti ìgbà tí yóò fún epo. Wáyà tín-ín-rín ló wà nínú rẹ̀. Bó bá ti gbó, ooru á jẹ́ kó já, bó bá tutù á tún fara kanra. Nígbà tó bá já, kọ̀ǹpútà á rò pé ẹ́ńjìnnì kò yí mọ́, á sì dá iná àti epo dúró. Bàbá fi ẹ̀rọ ìyẹ̀wò sí ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, irú èyí tí òfin Amẹ́ríkà sọ di dandan fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti ọdún 1996. P0335 ló gbé jáde, àmì sẹ́ńsọ̀ yẹn gan-an.

Mo ní, "Bàbá, omi inú epo ńkọ́?" Wọ́n ní èyí tí omi bá wà nínú epo rẹ̀ á máa fà tìkọ̀, á máa wúkọ́, èyí tó bá kú lójijì bí iná tí wọ́n pa, ọ̀rọ̀ iná ni kí a kọ́kọ́ wò. Wọ́n fa epo díẹ̀ sínú ìgò funfun, wọ́n gbé e kalẹ̀. Bí omi bá wà níbẹ̀, á rì sísàlẹ̀, ìlà á sì hàn láàárín òun àti epo. Mo wo ìgò náà títí. Kò sí ìlà kankan.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní Súrátù Hujuráàtì, níbi tí Ọlọ́hun ti pa wá láṣẹ pé kí á wádìí ìròyìn, kí á sì jìnnà sí àbá dídá.

Lẹ́yìn Mágíríbì mo lọ bá ẹni tó ń ta epo. Mo kúnlẹ̀. Ó gbé mi dìde, ó ní, "Ààfáà, mo ti yọ̀ǹda fún yín. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́rin lẹ wí i lójú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wá àwọn mẹ́rin náà."

Mo ti rí mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ti kó lọ sí Ìlọrin, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ṣì ń kéwú lọ́dọ̀ wa, yóò sì mú ìwé yìí lọ fún bàbá rẹ̀ nígbà ìsinmi. Àlàájì, epo náà mọ́.