Ọ̀pá Ooru Ẹ̀rọ Kọfí
Ẹ̀rọ espresso àlòkù tí mo ní nílé dára, àfi ọ̀pá tí ooru ń gbà wọ inú wàrà. Ike tó bo ẹnu rẹ̀ ní ihò lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń fa atẹ́gùn láìdúró, débi pé ìfófó wàrà ń tóbi bí ti ọṣẹ ìfọṣọ. Owó oṣù olùkọ́ kò sì ká ẹ̀rọ tuntun.

Ní Dantokpa, létí ọ̀sà Cotonou, oníṣòwò irin àlòkù kan kò béèrè orúkọ ẹ̀rọ. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n rí ẹnu ọ̀pá náà.” Ó yí irin kan tẹ̀lé òmíràn mọ́ ọn títí ó fi rí èyí tó bá a mu.

Nísinsìnyí, èmi ni mò ń díwọ̀n atẹ́gùn: mo fi ẹnu ọ̀pá sójú wàrà díẹ̀, mo tì í sísàlẹ̀, mo sì pa á kí ooru tó kọjá 65°C. Ìfófó náà kúnná, ó ń dán.

Kí á tó sọ pé ẹ̀rọ kan ti kú, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wá ibi tó ń dùn ún.